Èmi Ni Mo Pa Iṣẹ́ Ayàwòrán Rẹ́

Àárín èrò ni ojú wa ti pàdé. Yàrá ìpàdé ilé iṣẹ́ wa kún fọ́fọ́ lọ́jọ́ náà, àga kò kárí, àwọn kan jókòó sórí tábìlì, àwọn kan fẹ̀yìn ti fèrèsé, gbogbo wọn ń kùn pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ṣe nígbà tí iṣẹ́ ń dúró dè wọ́n. Èmi wà lábẹ́ tábìlì, mò ń wá ibi tí n óò ki wáyà bọ̀. Bí mo ṣe ń dìde, mo fi àtàrí gbá etí tábìlì, ó dún gbàá. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, àfi ọkùnrin kan tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, tó gbé ọwọ́ lé orí ara rẹ̀ bíi pé òun ni tábìlì náà gbá. Ó ń wò mí. Èmi náà wò ó. Ká ní inú àwọn ìwé ìfẹ́ pélébé tí mo fi dàgbà la wà ni, ibẹ̀ ni òjò ìbá ti bẹ̀rẹ̀, tí gbogbo èrò á sì pòórá tí á ku àwa méjì. Òjò kò rọ̀. Ẹnì kan ló pariwo látẹ̀yìn pé kí n bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òun ò rí ohun tí wọ́n ń tàn sára ògiri.

Ọ̀rọ̀ yìí ti tó sọ. Ó ti pẹ́ tó ti tó sọ, èmi ni mò ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn, wọn á fi iyọ̀ sí i, wọn á fi ata sí i. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi láìfi nǹkan kan sí i. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, n kò lè jókòó lójú kan. Mo dìde, mo lọ sẹ́nu fèrèsé, n kò rántí ohun tí mo lọ wò, mo tún padà wá jókòó. Ẹ̀yin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ gbà pé ayàwòrán tuntun tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló jí páásìwọ́ọ̀dù, pé òun ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa iṣẹ́ tí ẹ jọ ṣe rẹ́. Irọ́ ni. Èmi tí ẹ ń pè ní Dókítà Kọ̀ǹpútà ni mo pa á rẹ́. Èmi náà ni mo sì gbé irọ́ yẹn kalẹ̀ níwájú Ọ̀gá Àgbà. Ìfẹ́ ni mò ń pè é nígbà náà. Ẹ máa kà á lọ, ẹ ó fúnra yín sọ ohun tó ń jẹ́.

Àwòrán ilé ni ilé iṣẹ́ wa ń yà. Kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, àwọn ayàwòrán wa á ti ya yàrá, àtẹ̀gùn àti fèrèsé ilé náà tán sórí kọ̀ǹpútà. Èmi ò mọ ilé yà. Èmi àti ọ̀gá mi obìnrin la ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń yà á. Àǹtí Páásì ni gbogbo ilé ń pe ọ̀gá mi yìí, torí kò sí ọ̀rọ̀ tí èèyàn á bá a sọ tí kò ní já sí páásìwọ́ọ̀dù. Òun ló ń kọ́ wọn lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, "Bí ọkọ yín bá bi yín ní páásìwọ́ọ̀dù, ẹ ní ẹ ti gbàgbé. Bí Ọ̀gá Àgbà bá bi yín, ẹ ní kí wọ́n wá bá mi." Oníṣirò owó wa, ìyá àgbàlagbà kan tí kì í gbé ọ̀rọ̀ mì, dáhùn pé, "Ọkọ tèmi ti kú, Àǹtí. Ta ni kí n wá gbàgbé ẹ̀ fún?" Ilé tún dàrú. Àǹtí Páásì ò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé pé oríṣi àkáǹtì méjì ló wà lórí Wíńdóòsì. Àkáǹtì òṣìṣẹ́ kò ju kéèyàn wọlé, kó ṣiṣẹ́ rẹ̀, kó jáde. Ti alábòójútó ló lè fi nǹkan tuntun sórí ẹ̀rọ, ló lè yọ ọ́, ló lè dá àkáǹtì ẹlòmíràn sílẹ̀, ló sì lè pa á rẹ́. Bí òṣìṣẹ́ bá fẹ́ ṣe ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ, ojú kọ̀ǹpútà á ṣú, àpótí kékeré kan á yọ, á ní kí alábòójútó wá fi páásìwọ́ọ̀dù rẹ̀ sí i. "Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti pè wá," ni Àǹtí wí. "Àwa á wá tẹ̀ ẹ́ fúnra wa. Tá a bá sì ń tẹ̀ ẹ́, ẹ gbójú kúrò."

Ó tún kìlọ̀ ohun kan tí mo lè kà láìwòwé, nítorí èmi náà ti sọ ọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ títí ó fi sú mi. Ohun tí èèyàn bá gbé síta sójú kọ̀ǹpútà, níbi tí àwòrán ẹ̀yìn ti ń hàn, inú kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ló wà. Ohun tó bá wà nínú fódà gbogbogbò nìkan ni ẹ̀rọ ńlá ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pa mọ́. Gbogbo èèyàn mi orí. Kò sẹ́ni tó ṣe é. Ọkùnrin ẹnu ọ̀nà yẹn nawọ́ sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, tó bá jẹ́ omi ni mo fẹ́ dìde lọ mu ńkọ́?" Àǹtí ní, "Bọ́tìnnì tó ní àwòrán fèrèsé àti L. Tẹ méjèèjì pọ̀, kó tì pa. Omi tútù o, omi gbígbóná o, tì í." Ọkùnrin náà fi bírò kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Mo ń wo àtẹ́lẹwọ́ yẹn, mo sì ń sọ fún ara mi pé ọkùnrin tó lè kọ irú nǹkan báyìí sára, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kò ní sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Irú orí tí mo ní nìyẹn.

Ayàwòrán tuntun ni, ó ṣì wà nínú oṣù ìdánwò. Nígbà àkọ́kọ́ tó pè mí, nǹkan bà jẹ́ lóòótọ́: aago kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń sáré ju ti gbogbo ayé lọ, àtúnṣe rẹ̀ sì gba páásìwọ́ọ̀dù alábòójútó. Mo gun òkè lọ. Bí àpótí yẹn ṣe yọ tí mo gbé ọwọ́ lé kíbọ́ọ̀dù, ó dìde lórí àga, ó yí gbogbo ara rẹ̀ padà, ó kọjú sí ògiri bí ọmọ tí olùkọ́ ń jẹ níyà. Mo ní, "Ẹ ò ní láti ṣe tó bẹ́ẹ̀ yẹn. Àwọn yòókù máa ń wò." Ó dá mi lóhùn láti ojú ògiri níbẹ̀ pé, "Èmi kì í ṣe àwọn yòókù." Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ka irú ìwé tí mo kà, ẹ mọ ohun tí gbólóhùn yẹn lè ṣe fún ọmọbìnrin tí ẹnìkan ò tíì fi ojú rere wò láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo gbé e lọ sílé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí a jọ ń gbé, aránṣọ tó máa ń fi pínnì há ẹnu sọ̀rọ̀, gbọ́ ìtàn náà tán, ó yọ pínnì lẹ́nu. "Ọkùnrin kọjú sí ògiri, ìwọ ní ó fẹ́ràn ẹ. Tó bá wá sá jáde ńkọ́, ìgbéyàwó nìyẹn?"

Mo dúró kó tún pè mí. Kò pè. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí dáadáa yẹn. Mo ń rìn lọ rìn bọ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀ òkè pẹ̀lú wáyà lọ́wọ́ bíi pé mo ní ibi tí mò ń gbé e lọ. Nígbà tó yá, mo jókòó sórí àga mi nísàlẹ̀, mo ti orí kọ̀ǹpútà tèmi wọ inú tirẹ̀, mo yọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kúrò níbẹ̀. Kò tó iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan. Fóònù dún. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ ohun tí mo ṣe o. Pírńtà mi ti lọ." Mo fi ìpara kun ètè, mo gòkè. Ó kọjú sí ògiri, mo dá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ padà, ó ní, "Ẹ kú wàhálà mi." Ohùn rẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn títí di ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kejì, mo pa ohùn kọ̀ǹpútà náà. Lẹ́yìn rẹ̀, mo ṣe é kó máa tì pa mọ́ ọn lójú bó bá ti gbé ọwọ́ kúrò lórí máòsì díẹ̀. Ó ń pè, mò ń lọ. Ó ń nu àga fún mi kí n tó jókòó. Mi ò jẹ́ kó mọ̀ pé dókítà yìí gan-an ló ń kó àìsàn wá.

N kò ro ti ẹlòmíràn tó ń wò ó. Ọ̀gá Àgbà, ọkùnrin tó ní ilé iṣẹ́ náà, máa ń yíká láàárọ̀, gbogbo ìgbà tó bá sì dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èmi ló ń bá níbẹ̀ tí mò ń tún nǹkan ṣe. Lọ́jọ́ kan ó dúró, ó fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, kí ló wà lọ́wọ́ ẹ tí ẹ̀rọ ò fi fẹ́ ọ? Kọ̀ǹpútà yìí kan náà lẹni tó jókòó síbí tẹ́lẹ̀ lò, kò ṣe báyìí." Ayàwòrán ní, "Ẹ má bínú, sà. Màá túbọ̀ fara balẹ̀." Mo wà níbẹ̀. Ọwọ́ mi wà lórí kíbọ́ọ̀dù náà. Ǹ bá ti sọ pé kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀, kí n kàn ní ẹ̀rọ ló ti gbó. Irọ́ kékeré yẹn ì bá dára ju òtítọ́ tí mo gbé mì lọ. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n ti sọ ọ́ ní Abẹ̀rọjẹ́ lókè yẹn. Ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo rí i tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kan ṣoṣo tẹ nǹkan, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń fọwọ́ kan ìkòkò tó wà lórí iná.

Èyí tó wá tú mi ká ni àwòrán. Mo gòkè láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá obìnrin kan lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó fẹ̀ kún gbogbo rẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Àbúrò yín?" Ó ní, "Rárá o. Àfẹ́sọ́nà mi ni. A ti mú ọjọ́." Ó tún fi kún un pé, "Òun gan-an ló ní kí n máa kí yín. Mo ti sọ fún un bẹ́ ẹ ṣe ń gbà mí sílẹ̀." Mo sọ pé mo dúpẹ́. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo jókòó, mo dìde, mo tún jókòó. Nínú ìwé, irú obìnrin bẹ́ẹ̀ máa ń burú. Á ní èékánná gígùn, á máa purọ́, ojú ìwé tó kẹ́yìn ni wọ́n máa ń tú àṣírí rẹ̀. Eléyìí kàn ń rẹ́rìn-ín ni. Mo wá gbé òfin kan jáde látorí ẹ̀rọ ńlá pé kí àmì ilé iṣẹ́ wa bo ojú gbogbo kọ̀ǹpútà, kí ẹnikẹ́ni má lè yí i padà. Ẹ rántí ọjọ́ yẹn. Oníṣirò owó ló kọ́kọ́ jáde sọ́dẹ̀dẹ̀. "Ta ló gbé ọmọ-ọmọ mi kúrò lójú kọ̀ǹpútà? Mo ní ta ló gbé e? Àbí mo fi jẹ gbèsè ni?" Àǹtí Páásì pè mí, ó wò mí sókè sódò. "Ta ló rán ọ níṣẹ́ yìí?" Mo ní ààbò ni. Ó ní, "Ààbò lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ ìyá arúgbó? Dá a padà." Mo dá a padà. Obìnrin náà padà dé, ẹ̀rín rẹ̀ kò dín.

Ibi tó burú ni mo dé yìí. Àǹtí Páásì ń ṣàìsàn nílé, èmi nìkan ni mo wà nídìí iṣẹ́. Mo ti sọ fún ara mi pé àkáǹtì ayàwòrán náà ló ní àrùn, pé tí mo bá dá tuntun sílẹ̀ fún un tí mo sì pa ti àtijọ́ rẹ́, gbogbo wàhálà rẹ̀ á tán, Ọ̀gá Àgbà á sì yé bá a wí. Ẹ wo bí èèyàn ṣe lè wọ aṣọ funfun fún ìkà. Ohun tí mo fẹ́ ni kí obìnrin yẹn má sí lójú kọ̀ǹpútà náà mọ́, kí ayàwòrán sì pè mí kí n wá fi ọ̀nà àkáǹtì tuntun hàn án. Nígbà tí wọ́n lọ jẹun ọ̀sán, mo gòkè. Mo pa kọ̀ǹpútà náà, mo tún un tàn, mo wọlé gẹ́gẹ́ bí alábòójútó. Mo dá àkáǹtì tuntun. Mo ṣí àpamọ́ rẹ̀ àtijọ́, mo kó fódà ìwé, mo kó ti orin, mo kó gbogbo ohun tó yẹ. Ó ku fódà ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ làwọn àwòrán obìnrin náà wà, mo ti máa ń rí wọn tí wọ́n tò sí igun kan. N kò ṣí i. Mo sọ pé kí ló lè wà níbẹ̀ ju ẹ̀rín yẹn lọ. Èmi tí mò ń kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé ibẹ̀ ni wọ́n máa ń gbàgbé iṣẹ́ wọn sí.

Wíńdóòsì kì í fipá mú èèyàn. Ó bi mí léèrè bóyá kí òun tọ́jú àwọn fáìlì ẹni náà, tàbí kí òun pa wọ́n rẹ́. Bọ́tìnnì méjì, ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Mo tẹ èyí tó ní pa wọ́n rẹ́. Irú èyí kì í gba inú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí kọjá, kò sí pé èèyàn á lọ tú u wò níbẹ̀. Mo rántí pé inú mi dùn. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo jẹ búrẹ́dì.

Àwòrán ilé ìgbẹ̀bí kan ni wọ́n ti ń yà láti ìgbà tí ayàwòrán náà ti dé. Àwọn yòókù ti parí tiwọn, wọ́n sì ti kó o fún un kó so gbogbo rẹ̀ pọ̀, láìtọ́jú ẹ̀dà kankan. Nítorí pé iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ máa ń falẹ̀ bó bá wà nínú fódà gbogbogbò, Ọ̀gá Àgbà fúnra rẹ̀ ló ní kó gbé e sójú kọ̀ǹpútà rẹ̀ títí yóò fi parí. Àwọn tó ni ilé náà ń bọ̀ wá wò ó lọ́jọ́ kejì. Fóònù mi dún lẹ́yìn oúnjẹ. Kò sọ pé Dókítà. Ó kàn ń mí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mi ò rí nǹkan kan mọ́." Mo sáré gòkè. Mo wá a níbi gbogbo tí mo mọ̀, mo wá a níbi tí mo mọ̀ pé kò lè sí. Àwọn ayàwòrán yòókù dúró yí wa ká, ọ̀kan nínú wọn sì ń sọ ọ́ lọ́nà jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń sùn, "Yàrá ìbímọ. Yàrá ìbímọ tí mo yà." Ayàwòrán wò mí. Ó ní, "Ẹ má jáyà, Dókítà. Ẹ ó rí i. Ẹ máa ń rí i."

Lọ́jọ́ kejì, àwọn onílé wá, wọ́n wo ògiri òfìfo níbi tí àwòrán yẹ kó ti hàn, wọ́n gbé iṣẹ́ wọn lọ síbòmíràn. Ọ̀gá Àgbà kó wa jọ sínú yàrá rẹ̀: ayàwòrán, èmi, àti Àǹtí Páásì tó wá pẹ̀lú ikọ́ àti súwẹ́tà. Àǹtí ti yẹ inú kọ̀ǹpútà náà wò. Ó ní, "Sà, àkáǹtì alábòójútó ló ṣe é, lásìkò oúnjẹ. Èmi àti ọmọ yìí nìkan la mọ páásìwọ́ọ̀dù yẹn." Gbogbo ojú yí sí mi. Ọ̀gá Àgbà ní, "Ìwọ ni?"  Mo rí ara mi tí mò ń kó ẹrù mi sínú páálí, mo rí ẹ̀gbọ́n mi tó ń yọ pínnì lẹ́nu. Mo ní, "Rárá, sà." Ó ní, "Ta wá ni?" Ibẹ̀ ni ǹ bá ti dákẹ́. Ká ní mo dákẹ́ ni, wọn ì bá má mọ ẹni tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ṣí, mo gbọ́ ohùn ara mi bó ṣe ń sọ pé, "Ó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí mo bá ń tẹ̀ ẹ́, sà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni. Bóyá ó ti wo ọwọ́ mi."

 Ayàwòrán kò bínú. Ó yí sí mi, ó ní, "Dókítà, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ògiri ni mo máa ń kọjú sí." Ọ̀gá Àgbà ní, "Ta ló rí ọ?" Ó ní, "Wọ́n rí mi, sà," ó sì nawọ́ sí mi. Ọ̀gá Àgbà yí sí mi. "Ṣé o rí i?" Mo ní, "Tí mo bá ń tẹ̀ ẹ́, kíbọ́ọ̀dù ni mò ń wò, sà." Mo pa ọkùnrin kan pẹ̀lú gbólóhùn yẹn, kò sì sí ọ̀rọ̀ irọ́ kan nínú rẹ̀ tí èèyàn lè fi ìka tọ́. Ọ̀gá Àgbà ní bó ṣe ń ba ẹ̀rọ jẹ́ láti ọjọ́ tó ti dé, kò ya òun lẹ́nu. Ó ní ibi tó ti fẹ́ tún un ṣe fúnra rẹ̀ ló ti bà á jẹ́ tán. Ó ní kó máa lọ. Nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú báàgì rẹ̀, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, ó dúró. "Ẹ̀rù ló bà yín," ló wí. "Mo rí i lójú yín. Ẹ̀rù lè ba ẹnikẹ́ni." Ó rò pé mo ṣèèṣì ṣiyèméjì sí òun ni. Kò mọ̀ pé èmi ni mo ṣe é. Ó ń tù mí nínú.

Láti ìgbà yẹn, n kò tíì ka ìwé ìfẹ́ kan parí. Mo bẹ̀rẹ̀ wọn, mo dé ibi tí ojú ti pàdé, mo pa á dé. Lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ń gbé mi ga. Àǹtí Páásì fẹ́ fẹ̀yìn tì, ó ti sọ fún Ọ̀gá Àgbà pé èmi ni kó fi sí ipò òun. Ó ní, "O kì í ṣe aláriwo, o sì mọ̀ pé àkáǹtì èèyàn kì í ṣe ohun ìṣeré." Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo ṣí omi ẹ̀rọ kí wọ́n má baà gbọ́ ẹkún mi.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, wọ́n ní ẹnì kan ń béèrè Dókítà lẹ́nu ọ̀nà. Kí n tó dé ibẹ̀ ni mo ti mọ ẹni tó jẹ́: obìnrin ojú kọ̀ǹpútà yẹn ni. Kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yìí. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ó ní ẹ̀yin ni kí n béèrè, pé ẹ̀yin lẹ máa ń dáhùn." Ó sọ fún mi pé ilé iṣẹ́ kan ti fẹ́ gba ọkùnrin náà, wọ́n ti rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó wù wọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n pe Ọ̀gá Àgbà, ó sì sọ fún wọn pé olè páásìwọ́ọ̀dù ni. Wọ́n ní tí ilé iṣẹ́ wa kò bá kọ̀wé pé kò rí bẹ́ẹ̀ kí ọjọ́ Ẹtì tó pé, àwọn á mú ẹlòmíràn. "Mo wá bẹ̀ yín ni," ló wí. "Ẹ ṣáà rántí dáadáa. Ṣé ẹ rí i tó wo ọwọ́ yín lóòótọ́?" Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí àwọn tó ń kọjá má baà gbọ́. Ó ní, "Kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mọ́, mà. Tí mo bá ní kó bá mi wo nǹkan lórí tèmi, á bọ́ sí ìta. Á ní kí n tẹ̀ ẹ́ tán kí òun tó wọlé. A ti sún ọjọ́ ìgbéyàwó. Bó ti ń ṣe yìí, mi ò mọ ọjọ́ tí màá sún un sí." Mo ní, "Màá wò ó." Àbí ẹ ò rí mi, màá wò ó. Ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó fi orúnkún kan ilẹ̀.

Mo kọ lẹ́tà sí Ọ̀gá Àgbà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo kọ ọ́ gígùn. Mo ṣàlàyé àtàrí mi àti tábìlì, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, bí ìfẹ́ ṣe fọ́ mi lójú tí n kò mọ ohun tí mò ń ṣe mọ́. Mo fún ẹ̀gbọ́n mi kà. Ó kà á dé ìdajì, ó ní, "Ta ni Ìfẹ́ yìí? Ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ni?" Mo nawọ́ kí n gba lẹ́tà náà, kò fún mi. Ó ní, "Gbogbo ibi tí nǹkan ti bà jẹ́ nínú ìwé yìí, Ìfẹ́ ló bà á jẹ́. Ibi tí nǹkan ti dùn ni ìwọ ti yọjú. Ta ló tẹ bọ́tìnnì?" Mo ní, "Èmi ni." Ó ní, "Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ o." Ó dá lẹ́tà náà padà sí mi lọ́wọ́, ó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tẹ̀ ẹ́. Ó ṣe díẹ̀, ó ní, "Tí wọ́n bá lé ọ, oúnjẹ wà níbí."

Mo fa ìfẹ́ ya kúrò nínú rẹ̀. Ohun tó kù kò tó ojú ewé kan. Mo kọ ọ́ pé èmi ni mò ń yọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀, èmi ni mò ń tì í pa mọ́ ọn lójú. Mo kọ ọ́ pé èmi ni mo pa àkáǹtì rẹ̀ rẹ́ lásìkò oúnjẹ, pé kò wo ọwọ́ mi rí, pé mo mọ̀ pé kò wò ó nígbà tí mo sọ pé bóyá. Mo bẹ Ọ̀gá Àgbà kó kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó fẹ́ gbà á. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo gbé e dé ẹnu ọ̀nà Ọ̀gá Àgbà, mo gbọ́ ohùn àlejò nínú ilé, mo padà. Lọ́jọ́rú mo ní kí n ṣì dúró de ìgbà tí inú Ọ̀gá Àgbà bá dùn. Lọ́jọ́bọ̀ mo rìn yí ilé iṣẹ́ náà ká títí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì fi béèrè bóyá nǹkan mi sọnù. Gbogbo ìgbà tí mo bá padà, ara máa ń tù mí díẹ̀, lẹ́yìn náà màá rántí pé ọjọ́ Ẹtì ń bọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin tí ẹ ń ka ìwé ìfẹ́ lábẹ́ tábìlì iṣẹ́, mi ò ní kí ẹ má kà á. Mo kàn ń bẹ̀ yín ni: bí ẹ bá ṣàdédé rí i pé ẹ fẹ́ kí nǹkan ẹnì kan bà jẹ́ kó lè nílò yín, ẹ dìde kúrò nídìí rẹ̀, ẹ lọ mu omi. Bí wọ́n bá fún yín ní àṣẹ lórí iṣẹ́ ẹlòmíràn, kò túmọ̀ sí pé ó di tiyín. Ẹ̀yin ayàwòrán tí mo fi òru àti ọ̀sán yín ṣòfò, ẹ forí jì mí bó bá ṣeé ṣe. Àǹtí Páásì, mo ti sọ yín di ẹlẹ́rìí èké láìjẹ́ kí ẹ mọ̀. Ọkùnrin tí mo ṣẹ̀ yìí, n kò ní bẹ̀ ẹ́ níbí. Ó ti dárí jì mí rí fún ohun tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ mi gan-an, n kò sì fẹ́ tún gba irú ìdáríjì bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Òní ni ọjọ́ Ẹtì. Láàárọ̀ yìí, mo kan ilẹ̀kùn Ọ̀gá Àgbà, mo sì wọlé kó tó dáhùn, torí mo mọ ara mi. Ó ń kọ nǹkan, kò gbójú sókè. Ó ní, "Ṣé ti ipò Àǹtí yín ni? Fi síbẹ̀, màá kà á tó bá yá."

Mo ní, "Rárá, sà. Kò lè dúró. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á nígbà tí mo wà níbí."

Ó gbé bírò sílẹ̀. Ó wo ojú mi, ó wo àpòòwé tó ti rún lọ́wọ́ mi, ó sì na ọwọ́. Mo fi lẹ́tà náà lé e lọ́wọ́.